Oògùn Ọkàn àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Iṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná, ọ̀rọ̀ oògùn ni mo gbé wá lónìí, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ilé Yorùbá tí ẹ kò ti ní rí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lórí fíríìjì tàbí lẹ́bàá ìrọ̀rí àgbàlagbà kan ṣọ̀wọ́n ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń lò ó pé kí ni oògùn náà ń ṣe nínú ara òun. "Oògùn BP ni" ni yóò fi dá yín lóhùn, ó parí. Ìdáhùn yẹn kò tó. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí oògùn rẹ̀ ń ṣe, bí ara ṣe rí lójú ara rẹ̀ ni yóò máa fi díwọ̀n rẹ̀. Bí ara bá tù ú, yóò dá a dúró. Bí kò bá rí àyípadà, yóò ní kò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àìsàn ọkàn, oògùn tí à ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú kọ́ ni ó sábà máa ń gba ẹ̀mí là.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Zaria, tí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 1969, dókítà ará Wales kan tó ń jẹ́ Eldryd Parry, tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní UCH n'Íbàdàn, dé sí Yunifásítì Ahmadu Bello. Ibẹ̀ ló wà títí di 1977, kó tó lọ sí Ìlọrin láti bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀. Ní Zaria, òun àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Davidson ṣàkíyèsí pé irú aláìsàn kan ń pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù: obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ikùn rẹ̀ kún fún omi, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí pé èémí ń há a. Ó ti rẹ ọkàn rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, ni omi bá ń dúró sí i lára. Káàkiri ayé ni àìsàn yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó bímọ, ó lè má mú ẹyọ kan. Ní Zaria lákòókò náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bí ẹnì kan nínú 100.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1974 àti 1978 ni pé ó ṣeé ṣe kí ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ọlọ́mọ tuntun níbẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ ìtọ́jú náà. Fún 40 ọjọ́, wọn yóò máa fi omi tó gbóná janjan wẹ ìyá ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Láyé ìgbà náà, orí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dáná sí lábẹ́ ni yóò máa sùn. Wọn yóò sì máa fún un ní kunun kanwa mu, ìyẹn ẹ̀kọ tí wọ́n po káún mọ́, káún tó ń wá láti ìhà adágún Chad. Káún kò yàtọ̀ sí iyọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń ṣe lára, nítorí sodium tó wà nínú iyọ̀ ló kún inú òun náà. Ibi tí sodium bá dúró sí, omi yóò dúró tì í. Ooru ní tirẹ̀ ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọkàn á sì máa sáré láti kún un. Ọkàn tó lágbára lè gbé ẹrù méjèèjì. Èyí tó ti rẹ̀ kò lè gbé e.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwádìí kò dúró síbẹ̀. Àwọn dókítà ní Kánò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye ṣáájú wọn, ti tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọn kò sì di gbogbo ẹ̀bi ru omi gbígbóná àti káún. Wọ́n yẹ oúnjẹ tí kò dára tó wò, wọ́n yẹ àìní wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tó ru nínú oyún wò. Nítorí náà, n kò wá bú àṣà ẹnikẹ́ni. Àwa náà ń fi omi gbígbóná wẹ ọlọ́mọ, a sì ń fi káún sí ewédú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ fún obìnrin kan pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kunun kanwa ti di ọ̀tá fún un láti ọjọ́ náà lọ, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù lọ ni ó gbé e wá.

Ẹ wá jẹ́ ká wo oògùn tí wọ́n ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Furosemide ló máa ń ṣáájú, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Lasix. Inú kídìnrín ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń mú kí kídìnrín tú iyọ̀ dànù sínú ìtọ̀, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀ náà jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ yóò fọn, aláìsàn yóò sùn, yóò jẹun, yóò gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ìdùnnú á wọ ilé. Ibi tí ọ̀ràn sì ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí gbogbo ilé á gbà pé àìsàn ti lọ. Omi ló lọ. Ọkàn ṣì wà bó ṣe wà. Lasix kò tún ọkàn ṣe, ó kàn gbọ́n omi kúrò níwájú rẹ̀ ni.

Àwọn oògùn tó ń ran ọkàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn tí kò sẹ́ni tó ń kíyè sí. Enalapril tàbí lisinopril ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ọkàn lè rí ibi ti ẹ̀jẹ̀ sí láìlàágùn. Carvedilol tàbí bisoprolol ń mú kí ọkàn lù ní pẹ̀lẹ́, kó lè sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì. Ìwọ̀n kékeré ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, ó tilẹ̀ máa ń rẹ èèyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Spironolactone ń ti omi jáde díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì ni pé kì í jẹ́ kí ẹran ọkàn le gbagidi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tó gbé e mì lówùúrọ̀ yóò rí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di alẹ́. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ọkàn fi ń padà bọ̀ sípò, bí yóò bá padà. Ó dùn mí pé àwọn oògùn yìí gan-an ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ ń yọ kúrò nígbà tí owó bá há, tí wọ́n á sì di Lasix mú nítorí pé òun ni wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn wà nípa Lasix. Bó ṣe ń tú iyọ̀ dànù ló ń tú potassium dànù, èyí tí iṣan ara àti ìlù ọkàn kò lè ṣe láìsí. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń fà yín lóru, tàbí tí ọkàn bá ń fo ìlù, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má lọ ra oògùn potassium fúnra yín, nítorí ẹni tó ń lo spironolactone àti lisinopril pọ̀ lè ní i jù lára, àníjù rẹ̀ sì lè dá ọkàn dúró. Àárọ̀ ni kí ẹ máa lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, kó má baà gba oorun yín. Kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára máa gun ìwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán. Bí ó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń padà wọlé nìyẹn, kó má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ yóò wú kó tó padà sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rẹ̀ nípasẹ̀ ìbímọ kò gbọdọ̀ lóyún mìíràn láìjẹ́ pé dókítà ọkàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àìsàn náà lè padà, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oògùn ọkàn kan wà tí wọ́n ń pè ní digoxin. Ara ewéko kan nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti rí irú rẹ̀, dókítà kan ní Ìlú Ọba, William Withering, ló sì kọ ìwé nípa ewé náà lọ́dún 1785. Ó ń mú ọkàn fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra. Bí ẹni tó ń lò ó kò bá lè jẹun mọ́, tí èébì ń gbé e, tàbí tí gbogbo nǹkan ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Mo sọ èyí fún ẹni tó gbà pé ohun tó bá ti jẹ́ ewé àti egbò kò lè ṣeni níbi. Àwa náà ní irú rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, reserpine wà nínú egbò rẹ̀. Láti inú ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ reserpine lọ́dún 1952, wọ́n sì lò ó káàkiri ayé fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n tó rí i pé bó bá pọ̀ jù, ó lè kó èèyàn sínú ìsoríkọ́ gidigidi. Agbára ń bẹ nínú egbò náà ní tòótọ́, ìdí nìyẹn tí mímu àgbo rẹ̀ lé oògùn BP lórí fi léwu. Ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ débi pé èèyàn á ṣubú.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, iye tí dókítà fi ń mọ̀ ọ́n ni 140 lórí 90, bí ó bá dé bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í sábà dunni. Kò ní kí orí fọ́ dandan, kò ní kí òòyì kọ́ni. Amlodipine ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Hydrochlorothiazide ń tú iyọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò le tó Lasix. Lisinopril, perindopril, àti losartan ń dí ọ̀nà ohun kan nínú ara tó ń mú iṣan fún pinpin. Èwo ló dára jù fún àwa èèyàn dúdú? Àwọn dókítà ilẹ̀ wa fúnra wọn ti wá ìdáhùn sí i. Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 728 aláìsàn jọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé amlodipine pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tó kù, ì báà jẹ́ hydrochlorothiazide tàbí perindopril, ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju kí wọ́n pa àwọn méjì yòókù pọ̀ láìsí amlodipine lọ. Ní 2024, wọ́n tún fi 300 èèyàn ní agbègbè Àbújá dán hóró kan wò, tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, ó sì ṣe dáadáa ju ọ̀nà tí a ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ oògùn méjì fún yín lọ́jọ́ kan náà, kò túmọ̀ sí pé àìsàn yín ti kọjá àtúnṣe. Méjì kékeré sábà máa ń sàn ju ẹyọ kan ńlá lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, BP á padà sí 128 lórí 80, ẹni náà á sì sọ pé, "Mo ti sàn, mo ti dá oògùn dúró." Oògùn ló gbé e débẹ̀. Ẹni tí òjò kò pa nítorí pé ó wà lábẹ́ agboòrùn, kì í ju agboòrùn nù pé òjò ti dá. Àwọn oògùn kan tilẹ̀ wà, bí atenolol àti propranolol, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá já wọn sílẹ̀ lójijì, ọkàn lè máa sáré, àyà lè fún un, ẹ̀jẹ̀ sì lè ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ohun tí oògùn ń fà lára ló ń mú kí àwọn mìíràn sá fún un, ó sì yẹ ká sọ ọ́ síta. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Kò fi dandan jẹ́ àìsàn kídìnrín, kò sì sí ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ de ẹsẹ̀ yín. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ti lisinopril, ramipril, àti enalapril ni ikọ́ gbígbẹ, tó ń yún ọ̀nà ọ̀fun, tí kò sì lọ. Ní Kàdúná, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí eruku bo ojú ọ̀run, gbogbo wa là ń wúkọ́, ẹni tí lisinopril sì ń mú wúkọ́ á máa di ẹ̀bi ru ọyẹ́, á máa ra oògùn ikọ́, ìgò lé ìgò. Bí ọyẹ́ bá ti lọ tí ikọ́ kò lọ, tàbí tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ni ikọ́ dé, ẹ sọ ọ́. Losartan wà, kì í sábà fa ikọ́. Ṣùgbọ́n bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú lójijì lára ẹni tó ń lo àwọn oògùn yìí, kó má gbé hóró mìíràn mì, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Àwa èèyàn dúdú ló ń ṣe jù, ó sì lè dí ọ̀nà ọ̀fun.

Aboyún kò gbọdọ̀ lo lisinopril, enalapril tàbí losartan rárá, wọ́n ń ba ọmọ inú jẹ́. Methyldopa, tí wọ́n ń pè ní Aldomet, nifedipine, àti labetalol ni wọ́n ń fún un. Obìnrin tó ń lo oògùn BP tó sì ń retí oyún, kó sọ fún dókítà kí oyún tó dé.

Ní ti aspirin kékeré, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 75, ó ti di àṣà láàárín wa pé ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, kó máa lò ó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí rí, tàbí tó ti ní rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, ló wà fún jù lọ. Rọpárọsẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣan ló bẹ́ sínú ọpọlọ, ẹni tó bá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní aspirin nílé ti fi kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì tí apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn tó tóbi ni kí ẹ gbé e lọ, bíi Barau Dikko tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù.

Oògùn ìrora ló tún kàn. Diclofenac àti ibuprofen, tí à ń rà ní kẹ́míìsì bí ẹni ra gúgúrú, ń dá iyọ̀ dúró sára, wọ́n ń gbé BP sókè, wọ́n ń sọ oògùn BP di asán. Ẹni tó bá ń lo wọ́n pọ̀ mọ́ lisinopril àti oògùn ìtọ̀ ń fi kídìnrín rẹ̀ wewu. Ìyá tí eékún ń dùn, tó ń jí lọ sọ́jà, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún un láti gbọ́ èyí. Paracetamol kò le tó wọn lójú àwọn kan, síbẹ̀ òun ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin Kristẹni tí ẹ ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kò yẹ kí ààwẹ̀ sọ oògùn nù. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lè bọ́ sí ìgbà ìṣínu. Oògùn ìtọ̀ tí ẹ bá lò ní sààrì yóò fa omi ara yín tán kí ọ̀sán tó pọ́n, pàápàá bí ààwẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin tí oòrùn Kàdúná kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó ń lo Lasix lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ṣeé ṣe kí dókítà ní kó má gbà á. Ooru náà ń ba oògùn jẹ́: ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Owó oògùn ti wọ́n gógó, pàápàá láti 2023 tí GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, a kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́. Àwọn kan ń dá hóró sí méjì, àwọn kan ń fo ọjọ́ kan kọjá. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bi apòògùn bóyá irú oògùn kan náà wà tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kò sí lára rẹ̀. Amlodipine tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú àpò kan: ti ilé ìwòsàn, ti kẹ́míìsì, ìgò àgbo, oògùn eékún, títí kan èyí tí aládùúgbò fún yín. Ẹ dà á sórí tábìlì níwájú dókítà tàbí apòògùn. Ẹ bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni èyí ń ṣe, ìgbà wo ni kí n lò ó, kí ni mo máa rí tí mo fi gbọ́dọ̀ padà wá kíákíá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ ìdáhùn náà sára páálí ní èdè Yorùbá, kí ọmọ tó wà nílé lè máa kà á fún yín.